Èwo ló bá OS wá, èwo lẹ máa fọwọ́ ara yín fi kún un?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ubuntu, OS kan tó dá lórí Linux (OS ni sọ́fítíwià àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), sórí láptọ́ọ̀pù wọn máa ń béèrè: "Wọ́n ní Linux ní sọ́fítíwià ìkọ̀wé tirẹ̀ tó ń jẹ́ LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀. Èmi gbé e sórí ẹ̀rọ tèmi, mi ò rí nǹkan kan tó jọ ọ́. Àbí ayédèrú ni wọ́n fún mi?" Rárá o. Láti ẹ̀dà 23.10, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ni àwọn tó ń ṣe Ubuntu ti yí ètò padà. Ẹni tó bá kàn ń tẹ "Next" lọ láìwo ọ̀tún wo òsì, bùráúsà àti ìwọ̀nba irinṣẹ́ díẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. LibreOffice, Thunderbird tí a fi ń ka ímeèlì, àwọn géèmù kéékèèké, gbogbo wọn ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ẹni tó ń lo ẹ̀dà 22.04 bá wọn nílé, ẹni tó gbé ẹ̀dà 24.04 kò bá wọn. Orúkọ OS kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, wọn ò sì parọ́.

Kí ló yẹ kó bá OS wá, kí ló sì yẹ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ fà wá fúnra rẹ̀? Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn tó ń kọ OS tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ìta lè rò pé iye sọ́fítíwià ni wọ́n ń jà lé lórí, pé àwọn kan fẹ́ púpọ̀, àwọn kan fẹ́ díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ẹni tí wọ́n máa wá bá nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú OS náà palẹ̀. Linux fúnra rẹ̀, kernel lásán ni: apá tó ń bá irin àti wáyà inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tó ń pín mẹ́mọ́rì, tó ń mọ̀ pé ẹnì kan tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kernel nìkan kò lè fi fọ́tò kan hàn yín. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Debian, Fedora àti Arch ló ń kó kernel yìí pọ̀ mọ́ sọ́fítíwià tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ káàkiri ayé, tí wọ́n ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pákéèjì, tí wọ́n sì ń tò wọ́n síbi tí kọ̀ǹpútà yín ti lè fà wọ́n. Fáìlì kan ni pákéèjì jẹ́. Sọ́fítíwià wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tó ń sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀, àti àwọn pákéèjì mìíràn tó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Debian 12, tó jáde ní oṣù kẹfà 2023, ní ju 64,000 pákéèjì lọ. Kò sí ẹni tó máa kó gbogbo ìyẹn sórí ẹ̀rọ kan. Ẹnì kan ní láti yan ìwọ̀nba tó máa kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹni náà ni ìjà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ti Windows, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́, lára ẹ̀sùn wọn sì ni pé ó lẹ Internet Explorer, bùráúsà tirẹ̀, mọ́ Windows kó lè fi ti Netscape, bùráúsà ilé iṣẹ́ mìíràn, kúrò lójú ọjà. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń sọ wọ̀nyí, bí Firefox bá wà nínú OS, kì í ṣe torí kí bùráúsà mìíràn má baà rí jẹ. Ẹ gbé ẹjọ́ Microsoft sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ó máa ń da ojú ọ̀rọ̀ rú.

Ẹ wò ó bí ilé tí èèyàn háyà. Òrùlé, páìpù omi, wáyà iná inú ògiri, ti onílé ni. Bí òrùlé bá ń jò, òun la máa pè, bó bá dákẹ́, a lè bá a fà á. Fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ tí ayálégbé rà wọlé, tirẹ̀ ni. Onílé lè júwe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe fún un, ó tiẹ̀ lè fún un ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò dúró fún iṣẹ́ onítọ̀hún. Sọ́fítíwià tó bá OS wá ni òrùlé. Pákéèjì tí a fi kún un ni fíríìjì.

Ìdílé BSD, àwọn OS mìíràn tí kóòdù wọn wà ní gbangba ṣùgbọ́n tí kì í ṣe Linux, ló fa ààlà yìí jáde jù. Ní FreeBSD, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá 1993, ẹgbẹ́ kan náà ló ń tọ́jú kernel àti àwọn irinṣẹ́ ìpìlẹ̀. Ibi ìpamọ́ kan náà ni gbogbo kóòdù wọn wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń jáde. Èyí ni wọ́n ń pè ní base. Gbogbo ìyókù, bíi Firefox, LibreOffice àti Python, wà ní ports, ìyẹn àkójọ ìlànà tí a fi ń kọ́ sọ́fítíwià àwọn ẹlòmíràn kó lè ṣiṣẹ́ lórí FreeBSD. Ẹ lè fojú rí ààlà náà: ohunkóhun tó bá ti ports wá, inú fódà /usr/local ló ń wọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá tẹ pkg delete -a ti kó gbogbo ohun tó fi kún OS dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì tún tan bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbé FreeBSD wọlé. Lórí Debian, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò lè ní ìtumọ̀, torí pé níbẹ̀, kernel pàápàá, pákéèjì ni.

OpenBSD tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Theo de Raadt ló dá a sílẹ̀ ní 1995, ààbò sì ni òkìkí rẹ̀. Ìgbéraga tí wọ́n kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ ìtàkùn wọn ni pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ihò méjì péré ni wọ́n tíì rí tí ọ̀tá lè gbà láti òkèèrè wọnú OS náà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí a gbé e sórí ẹ̀rọ. Àwọn alátakò máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní ohun tí OpenBSD ń tan sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré débi pé kò sí ilẹ̀kùn tí ihò máa wà lára rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú yẹ̀yẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn OpenBSD fúnra wọn kò fi ibi tí ìlérí wọn parí sí pa mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé wọn pé pákéèjì tó wà ní ports kò gba irú àyẹ̀wò ààbò fínnífínní tí base ń gbà. Ẹni tó bá fi sáfà wẹ́ẹ̀bù kan, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń gbé ojú ìwé ìtàkùn fún àwọn tó bá béèrè, kún un láti ports, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé sí i, wọn kò ní torí rẹ̀ sọ ihò méjì yẹn di mẹ́ta.

Ohun tó wá ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu ni pé OS tó ń bẹ̀rù àléébù tó báyìí tún ni ó ń kó nǹkan púpọ̀ sínú base. Sáfà wẹ́ẹ̀bù wà níbẹ̀, sáfà ímeèlì wà níbẹ̀, OpenSSH tí gbogbo ayé fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè wà níbẹ̀, títí kan ètò tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kì í kàn gba nǹkan wọlé. Wọ́n á kà á, wọ́n á gé e kù, ìgbà mìíràn wọ́n á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí apá wọn kò bá ká, wọ́n á lé e jáde. Ẹ wo ìtàn sáfà wẹ́ẹ̀bù wọn. Apache ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí Apache yí láísẹ́ńsì rẹ̀ padà ní 2004, OpenBSD kò fara mọ́ ọn, wọ́n takú sórí ẹ̀dà 1.3 àtijọ́, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn tún un ṣe fún bí ọdún mẹ́wàá. Nginx, sáfà wẹ́ẹ̀bù mìíràn, wá gba ipò rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Reyk Floeter tó wà lára wọn kọ sáfà kékeré kan tó ń jẹ́ httpd, nígbà tó sì fi máa di ẹ̀dà 5.7 ní ọdún 2015, wọ́n ti ní kí nginx máa lọ sí ports. Nginx kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀ ni, ohun tó sì ń ṣe pọ̀ ju èyí tí wọ́n fẹ́ máa kà láràárọ̀ lọ.

Ti sudo ló tiẹ̀ yé mi jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Sudo ni àṣẹ tí a fi ń gba agbára ọ̀gá lórí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ nínú base OpenBSD. Todd Miller tó ń tọ́jú sudo pàápàá, ọ̀kan nínú àwọn OpenBSD ni, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oríṣi èèyàn méjì ló ń lò ó. Àwọn tó ń bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ ńlá fẹ́ kí sudo máa bá àkójọ orúkọ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, kí ó gba àfikún, kí ó ní oríṣiríṣi òfin. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo kò fẹ́ ju kó pàṣẹ kan, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀dà kékeré tó ti gbó sínú base, àwọn ti àkọ́kọ́ á kùn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀dà ńlá sí i, gbogbo èèyàn yóò máa ru ẹrù tí ìdá díẹ̀ nínú wọn ń lò, ẹrù náà sì jẹ́ irú èyí tí àléébù kan nínú rẹ̀ lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Ted Unangst tó wà lára wọn wá kọ doas, èyí tí òfin rẹ̀ lè má ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Ní ẹ̀dà 5.8, ní oṣù kẹwàá 2015, doas wọlé, sudo bọ́ sí ports fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2021, ilé iṣẹ́ Qualys kéde àléébù kan tí wọ́n rí nínú sudo: ẹni tó bá ti ní àkáǹtì lásán lórí ẹ̀rọ lè fi di ọ̀gá pátápátá. Láti 2011 ni àléébù náà ti wà níbẹ̀ tí ojú kankan kò rí i. Ubuntu, Debian, Fedora, gbogbo wọn ló sáré tún un ṣe. Ẹni tó ń lo OpenBSD tí kò fi sudo kún un, ó kàn gbọ́ ìròyìn náà bí ẹni gbọ́ ti ará àdúgbò kejì ni.

Kì í ṣe ẹ̀rù àléébù nìkan ló ń lé nǹkan jáde nínú base. Ọjọ́ orí náà ń lé e. FreeBSD ní Perl nínú base títí wọ́n fi yọ ọ́ fún ẹ̀dà 5.0, tó jáde ní 2003. Èdè tí a fi ń kọ kóòdù ni Perl, ó ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Èyí tó wà nínú base máa ń gbó ju èyí tí àwọn tó ń kọ Perl fẹ́ kí àwọn èèyàn máa lò lọ, títún un gbé wọlé sì jẹ́ iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí BIND, sọ́fítíwià tó ń tú orúkọ ìtàkùn sí nọ́ńbà, fara jọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ ní 10.0, ní ọdún 2014, wọ́n sì fi Unbound tó kéré jù ú lọ sípò. Bí ẹ̀yin bá ṣèlérí pé ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà kan fún ọdún mélòó kan, tí ẹni tó ni sọ́fítíwià inú rẹ̀ sì ti dẹ́kun àtúnṣe tirẹ̀ kí ọdún yẹn tó pé, ẹ̀yin ni iṣẹ́ náà máa já lé léjìká.

Ó wá ku Debian àti àwọn ọmọ rẹ̀, bíi Ubuntu àti Mint, tí ọ̀pọ̀ jù nínú yín ń lò. Níbẹ̀, kò sí ògiri láàárín ilé àti ẹrù. Pákéèjì ni gbogbo nǹkan, ohun tó sì ń pinnu èyí tó máa wọlé ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí pákéèjì kọ̀ọ̀kan kọ sára: Depends, Recommends, Suggests. Depends ni èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Recommends ni èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó máa fẹ́, àmọ́ tó lè ṣe láìní i. Suggests kàn ń sọ pé "bó bá wù yín, eléyìí náà wà". Láti Debian 5, ní ọdún 2009, ni apt, àṣẹ tí a fi ń fa pákéèjì wọlé lórí Debian, ti ń kó Recommends wọlé láìbéèrè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń sọ pé kí ó gbé sọ́fítíwià kan ṣoṣo wá tó sì máa tẹ́ àtòjọ ogójì sílẹ̀ níwájú yín. Kò sí ìwà olè níbẹ̀. Ẹni tó di pákéèjì náà ló bá yín ronú. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìrònú rẹ̀, ẹ fi --no-install-recommends kún àṣẹ yín, ẹ ó sì rí i pé àtòjọ náà á fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kí ẹ má sì yà á sí ìyanu bí nǹkan kékeré kan bá wá ń ṣàìṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, bíi kí ẹ̀rọ má mọ irú fọ́tò kan.

Oríṣi pákéèjì kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn: èyí tó ṣófo. Kò sí sọ́fítíwià kankan nínú ubuntu-desktop. Àtòjọ ni, tó ń sọ pé "ẹni tó bá fẹ́ Ubuntu tó ní ojú, kó àwọn wọ̀nyí wọlé". Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ Depends rẹ̀, apt á sọ pé òun máa yọ ubuntu-desktop náà. Àyà èèyàn á já. Yíyọ àtòjọ kò yọ ohun tó wà lórí àtòjọ, nítorí náà ẹ̀rọ kò ní kú níbi tó wà. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kí àtòjọ náà gùn, kí ẹ má sì kà á. Nínú fídíò kan tó jáde ní oṣù kọkànlá 2021, Linus Sebastian, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo fídíò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, fẹ́ gbé Steam, sọ́fítíwià tí a fi ń ra géèmù, sórí Pop!_OS, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ubuntu. Àṣìṣe kan wà nínú bí wọ́n ṣe di pákéèjì náà lásìkò yẹn. Apt kìlọ̀ fún un pé bí òun bá gbé Steam wọlé, òun máa yọ pop-desktop (àtòjọ bíi ubuntu-desktop) àti àwọn mìíràn, ó ní kó tẹ "Yes, do as I say!" bó bá dá a lójú. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà pòórá, ó ku ìlà dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú u, àwọn mìíràn bú Pop!_OS. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rọrùn: níbi tí ohun gbogbo bá ti jẹ́ pákéèjì, kò sí ohun tí a kò lè yọ.

FreeBSD náà ti ń tọ ọ̀nà yẹn bọ̀. Nínú ẹ̀dà 15.0, tó jáde ní oṣù kejìlá 2025, ẹni tó bá fẹ́ lè gba base fúnra rẹ̀ ní pákéèjì, kó sì máa fi pkg tún un ṣe. Ibi ìkópamọ́ ti base wà lọ́tọ̀ sí ti ports, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ṣì ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ irinṣẹ́ kan náà ló ń mú méjèèjì báyìí. Àwọn àgbà tó ti fi ìka mọ pkg delete -a ní láti tún ọwọ́ wọn kọ́.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ààlà yìí kì í jẹ́ ká rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ sọ́fítíwià, kéde pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú xz, sọ́fítíwià kékeré tí a fi ń fún fáìlì kí ó lè fúyẹ́. SSH ni ẹni náà fẹ́ wọ̀. SSH gẹ́gẹ́ bí àwọn OpenBSD ṣe kọ ọ́ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú xz. Àmọ́ lórí Debian àti àwọn kan mìíràn, wọ́n ti so ó mọ́ systemd, ètò tó ń jí àwọn ètò mìíràn dìde nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, kí ó lè máa sọ fún un pé òun ti jí, systemd sì ń lo ohun tó wà nínú xz. Bẹ́ẹ̀ ni okùn ṣe gùn dé ibẹ̀. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ló ní májèlé náà, wọ́n sì rí i kí ó tó dé ẹ̀dà Debian tí gbogbo ayé ń lò lójoojúmọ́. Kò sí ẹnì kankan tó tẹ "mo fẹ́ xz". Ó bá wọn wá ni, lẹ́yìn ẹlòmíràn tó bá wọn wá.

Òfin náà máa ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó gbé Linux wọlé, kò sì ní lè kọ orin MP3, torí pé ẹ̀tọ́ onímọ̀ wà lórí MP3. Ọdún 2017 ni ìyẹn parí. Fún irú fídíò kan, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Ubuntu fi ń ní kí ẹ fàmì sí àpótí kan bí ẹ bá fẹ́ àwọn àfikún yẹn. Ti firmware, kóòdù kékeré tí káàdì Wi-Fi nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, ló burú jù: kóòdù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà kò tú síta ni, Debian kò sì fẹ́ fi í sínú ohun tó ń bá OS wá. Ẹ wá nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè fa ohun tó máa fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì wá. Wọ́n dìbò lé e lórí ní 2022, láti Debian 12 ni firmware náà sì ti ń bá ẹ̀dà ìgbéwọlé wá. Ó pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwa tó wà ní Nàìjíríà jù. Nígbà tí Ubuntu bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2004, CD kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, nǹkan bíi 700MB. Wọ́n tún ń fi CD náà ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn káàkiri àgbáyé lọ́fẹ̀ẹ́ títí di 2011. Àyè yẹn ló ń bá wọn pinnu: ní 2010, wọ́n yọ GIMP tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, torí ó ń gba àyè, wọ́n sì ní ó le jù fún ẹni tó kàn fẹ́ gé etí fọ́tò. Ní 2012, wọ́n jáwọ́ nínú òfin CD. Lónìí, fáìlì Ubuntu 24.04 ju 5GB lọ, síbẹ̀ sọ́fítíwià tó ń gbé sórí ẹ̀rọ láìbéèrè kò tó ti ẹ̀dà 22.04. Ní tèmi, ìpinnu 2023 yẹn bá àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kì í tán mu ju àwa tí à ń ka MB lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ LibreOffice kó lọ fà á. Ta ló ń san owó fífà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé LibreOffice ti wà nínú 5GB tí ẹ gbà yẹn. Nígbà tí ẹ bá ń gbé 24.04 wọlé, ibì kan wà tí ó ti máa béèrè irú àkójọ tí ẹ fẹ́. Ẹ yan "Extended selection". Láti inú fìláàṣì yín ni yóò ti kó o, dátà kò ní kúrò lórí fóònù yín. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ láìmọ̀ ló máa wá fi àṣẹ fà á wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rùn-ún mélòó kan MB sì ni. Ti Debian, fáìlì kékeré tó ń jẹ́ netinst kò tó 1GB, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín kò bá dáa, ẹ wá ẹni tó ti ní DVD-1 wọn, ẹ dà á sórí fìláàṣì, ẹ ó sì bá ojú ẹ̀rọ àti ohun ìkọ̀wé níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wọn sì ń lo ẹ̀dà kan náà, ẹ fi apt-get gbé sọ́fítíwià wọ ti àkọ́kọ́ dípò apt. Apt-get máa ń fi pákéèjì tó gbà sílẹ̀ sínú /var/cache/apt/archives, ẹ sì lè dà wọ́n kọ sórí àwọn yòókù. Apt máa ń pa tirẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó tẹ̀ lé e wá, kó tẹ apt-mark showmanual lórí Debian tàbí Ubuntu, kó tẹ pkg_info -m lórí OpenBSD. Lórí Ubuntu, àtòjọ náà máa gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé ẹni tó ṣètò ìgbéwọlé ti fọwọ́ sí púpọ̀ nínú rẹ̀ lórúkọ yín.

Bí ẹ bá sì ń wá ibi tí a ti ń gba kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ náwó dátà. Ó wà nínú pákéèjì xkb-data tí Debian àti Ubuntu tó ní ojú ń gbé wọlé fúnra wọn, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Keyboard, ẹ fi Yoruba kún àwọn èdè tí ẹ ń fi tẹ̀wé. Lórí Ubuntu, ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ sí Yorùbá ni pákéèjì ọ̀tọ̀, èyí tí ẹ máa fà fúnra yín, kò sì tíì pé.